Alàgbà Ọláìtán Gba Nọ́ọ̀sì fún Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá ti ń bọ̀ láti Òṣogbo, tí ẹ wọ Ìkìrun, ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ ni Alàgbà Ọláìtán Jọláyẹmí. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ o, àwòrán rẹ̀ ni, èyí tó gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì rẹ̀, tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ó na ìka sókè bí ẹni tó ń júwe ọ̀run fún àlejò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ Rere, Baba Rere, Sìmẹ́ǹtì Rere." Sìmẹ́ǹtì náà kò burú. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ ni a kò tíì rí ẹlẹ́rìí fún.

Oyè kì í tó Alàgbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Inísà, ó ti jẹ Baba Ẹgbẹ́ Akọrin, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀. Ó tún ti jẹ Baba Ìṣọ́ Òru, oorun ló sì fi ń ṣe gbogbo ìṣọ́ náà. Àfi bí wòlíì àgbà ṣe kéde pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọdún, ìjọ yóò fi àmì ẹ̀yẹ onídígí dá ọmọ kan lọ́lá, ẹni tó bá ń tọ́jú òbí rẹ̀ jù lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Alàgbà rántí pé òun ní ìyá.

Ìyá ọ̀hún, Màmá Àmọ̀kẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń dá gbé ní Òkukù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ó mú ẹsẹ̀ òsì, ó mú ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnu, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó yà lọ. Àpèkẹ́ aládùúgbò ló ń bá a pọnmi, tó ń bá a dáná bó bá ti oko dé. Ọmọ Rere wa ń tajà ní Ìkìrun, ibi tí kò jìnnà rárá sí Òkukù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dé ọ̀hún.

Ó gba ọ́fíìsì Nọ́ọ̀sì Ọmọ́jọlá lọ. Obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé ìwòsàn kó tó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: ó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú, ó sì ń rán wọn lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé Màmá lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Alàgbà wo àjà. "Wọ́n máa ń dìde. Nínú ìdílé wa, a kì í jókòó pẹ́."

"Oògùn wo ni wọ́n ń lò?"

"Oògùn òyìnbó ni. Ojúlówó!"

"Kí ni Màmá kì í jẹ?"

"Ìyà!" ni Alàgbà dáhùn, ó sì fi ọwọ́ gbá itan ara rẹ̀. "Ìyá mi kì í jẹ ìyà!"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Alàgbà fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ó kàn mí báyìí, èmi náà ní ìbéèrè. Ṣé funfun ni yúnífọ́ọ̀mù yín? Ṣé fìlà wà níbẹ̀? Ẹni tí ẹ fẹ́ fún mi, ṣé ó ga? Ẹni kúkúrú kì í hàn nínú fọ́tò. Ṣé ó sì gbọ́ òyìnbó?"

"Ṣé Màmá kò gbọ́ Yorùbá ni, sà?"

"Àwọn tó máa wo fọ́tò ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè fún un lésì láìrí Màmá, nítorí ẹni tí wọn yóò máa wẹ̀ ló yẹ kó sọ ẹni tí yóò máa wẹ òun. Ó lọ sí Òkukù lóòótọ́. Màmá ló wá fi ìbéèrè dá a dúró bí ọmọ iléèwé: Bí ẹni tí ẹ rán wá bá ṣàìsàn, ta ni yóò wá? Bí ìwà rẹ̀ kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ṣé mo lè ní kó máa lọ? Ṣé yóò jẹ́ kí n ṣe èyí tí mo bá lè ṣe fúnra mi, àbí yóò sọ mí di ọmọ ọwọ́? Nọ́ọ̀sì dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì jọ gba nọ́ńbà ara wọn.

Gbogbo nǹkan ìbá ti parí síbẹ̀, ká ní Alàgbà kò mú àbá tirẹ̀ wá. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán òun sí àyà yúnífọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì kọ orúkọ òun sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sà," ni Nọ́ọ̀sì Ọmọ́jọlá wí, "ìyá yín la fẹ́ tọ́jú. A kò bá yín polongo ìbò fún ipò káńsílọ̀."

Inú bí Alàgbà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Peace, ọmọbìnrin tó ń bá a ta sìmẹ́ǹtì. Peace ga. Kíá, Alàgbà ké sí télọ̀.

"Peace, láti òní lọ, nọ́ọ̀sì ni ọ́."

"Ọ̀gá, mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o."

"Ṣé o mọ sìmẹ́ǹtì kí o tó débí ni?"

Bí Peace ṣe di nọ́ọ̀sì nìyẹn. Wọ́n rán aṣọ funfun fún un, wọ́n dé e ní fìlà tó dà bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Òkukù pẹ̀lú àga onítáyà tuntun. Ayàwòrán bá wọn lọ. Alàgbà fi ṣíbí gbé ògì sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó sì dá ọwọ́ dúró síbẹ̀ títí ògì fi tutù, nítorí ayàwòrán ní ìmọ́lẹ̀ kò tíì dáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti kún orí fesibúùkù. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtọ́jú rẹ̀ ga. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ìtọ́jú ni Ọláìtán ń ṣe, ojú ayé ló ń tọ́.

Ní ti Peace, ọmọ dáadáa ni. Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn dìde láìfà á lápá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọjà bá yá ní Ìkìrun ni Alàgbà máa ń pè é padà. Lọ́jọ́ kan tí tírélà sìmẹ́ǹtì dé, ó pè é, Peace lọ, ó ku Màmá nìkan nílé. Òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó dìde láti bu omi, ẹsẹ̀ òsì kọ̀, ó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́. Orí ilẹ̀ tútù ló wà títí Àpèkẹ́ fi ti oko dé.

Àpèkẹ́ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì pe Alàgbà. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí Màmá lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

"Bọ̀dá, Màmá ṣubú o!"

Ohùn Alàgbà dún jáde gbangba: "Háà! Ṣé kò sí ẹni tó ti gbé e sórí fesibúùkù?"

Màmá kò sọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ́ ní kíláàsì láyé ọjọ́un mọ̀ pé ìgbà tí ó bá dákẹ́ ló yẹ kéèyàn máa wá ibi sá sí. Nígbà tó ṣe, ó ní kí Àpèkẹ́ bá òun wá nọ́ńbà Nọ́ọ̀sì Ọmọ́jọlá jáde. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ, Alàgbà kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé nígbà tó ní kí ìyá òun wá síbi ìdúpẹ́ ọdún, kíá ni ìyá dáhùn pé, "N óò wá." Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ẹran ọdẹ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú ìkòkò.

Ọjọ́ pé. Èrò ti Ìkìrun, Òkukù àti Èkó-Ẹ̀ǹdé ya wọ Inísà. Gbogbo ìjọ wọ sùtánà funfun, Peace náà wọ funfun, ó ti Màmá lórí àga wọlé, fìlà rẹ̀ gbọn-in lórí. Ìyá àgbàlagbà kan rò pé wòlíì obìnrin tuntun ni, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ìránṣẹ́ Olúwa, ẹ gbàdúrà fún mi."

Peace wo ọ̀gá rẹ̀. "Gbàdúrà fún un!" ni ọ̀gá rẹ̀ fi eyín sọ.

Wọ́n pe Alàgbà síwájú. Ó gba máíkì, ó gbọn apá sùtánà rẹ̀ bí àkùkọ. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ni òkété náà!" Kò sẹ́ni tó ráyè sọ fún un pé òkété inú òwe yẹn ló ń mu, òun kọ́ là ń mu. "Nọ́ọ̀sì tó kàwé ní ìlú òyìnbó ni mo gbà fún ìyá mi! Tọ̀sán-tòru ni wọ́n jọ wà!"

"Halelúyà!" ni ìjọ hó.

Wòlíì àgbà gbé máíkì fún Màmá pé kó jẹ́rìí sí i.

Màmá yíjú sí ẹni tó tì í wá. "Peace, ọmọ mi, má bẹ̀rù. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Omi bọ́ lójú Peace. "Sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà, Mà."

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì gba ihò imú jáde.

"Kò ṣẹ̀ mí," ni Màmá wí. "Ẹni tó rán an níṣẹ́ tí kò kọ́ ọ ló ṣẹ̀ ẹ́." Ó wá fi ohùn tíṣà sọ ti ọjọ́ tírélà, ti ilẹ̀ tútù, àti ohun tí ọmọ rẹ̀ béèrè lórí fóònù. Àpèkẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin: "Bó ṣe wí gan-an nìyẹn! Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ!"

Alàgbà gbìyànjú láti gba máíkì. "Màmá, ara yín kò yá, àìsàn yín ti—"

"Ẹsẹ̀ ni àìsàn mú, Ọláìtán. Jókòó." Ó jókòó.

Màmá tọ́ka sí obìnrin kúkúrú kan tó wọ sùtánà bíi tàwọn yòókù lẹ́nu ọ̀nà. "Moyọ̀sọ́rẹ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Ọmọ́jọlá ló ti wá. Èmi ni mo yàn án, owó ìfẹ̀yìntì mi ni n óò fi san án, òun ni yóò sì gbé mi lọ sílé lónìí."

Moyọ̀sọ́rẹ bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wo bí ẹsẹ̀ òsì ṣe wà lórí àga, ó sì tún un gbé dáadáa.

Àmì ẹ̀yẹ onídígí ṣì wà lọ́wọ́ wòlíì àgbà. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. "Màmá, kí ni ká wá ṣe sí eléyìí báyìí?"

"Ẹ fún Ọláìtán," ni Màmá dáhùn. "Dígí kò níkùn tí yóò béèrè oúnjẹ, kò lẹ́yìn tí wọn yóò wẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ ní àárọ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ óò bá a lálẹ́. Ìyẹn ló lè tọ́jú."

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì lu agogo kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n èjìká òun náà ń mì. Ẹ ò sì ní gbà mí gbọ́: Alàgbà na ọwọ́, ó gbà á. Ó tilẹ̀ ti yíjú sí ayàwòrán, ó ti ṣí eyín, kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.