Pọ́dà Ọ̀jọ̀gbọ́n Thibault

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thibault de Mabire kì í kàn ṣàdédé wọlé. Ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè rí i dáadáa. Baba Ẹ̀dọ̀, Ọba Iṣan, Awòàrùn-ìdílé-bí-ẹní-ń-ṣeré. Kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ wọ̀nyí. Òun ló fún ara rẹ̀.

Nílé ìwádìí wọn nítòsí Nantes, ó ní òun ti rí òògùn àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí ọmọ ń jogún lára òbí, èyí tí ń mú kí ara pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n á fi àbùdá tó péye sínú kòkòrò kékeré tí wọ́n ti gba oró rẹ̀, kòkòrò á gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Iṣan tó ń gbẹ náà, ó ní òògùn kan náà á wò ó sàn. Kò sẹ́ni tó tíì rí iṣan tó sàn.

Solenn ló ń tọ́jú àwọn eku tí wọ́n fi ń dán òògùn náà wò. Ogún eku aláìsàn ló gba òògùn. Mẹ́rin ti ń funfun díẹ̀. Ìyókù ṣì pọ́n.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí aláìsàn ń bọ̀ wá wòran, ọ̀jọ̀gbọ́n wọ yàrá eku. Ó tó ọdún mọ́kànlá tó ti débẹ̀ kẹ́yìn.

"Èwo ló sanra jù?"

"Ìkeje, ọ̀gá. Àmọ́ ó ṣì pọ́n."

"Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Wọn ò fẹ́ eku tó rù."

"Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Òótọ́ nìyẹn."

"Òótọ́ tìẹ rù jù, Solenn."

Ó yọ pọ́dà tó fẹ́ fi kunjú ara rẹ̀, ó kùn ún sí etí eku, sí imú, sí ìrù, gbogbo ibi tí irun funfun kò bò.

"Ọ̀gá, ìyá Capucine ń bọ̀ wá fọwọ́ síwèé lónìí."

"Ìdí tí mo fi ń kùn ún nìyẹn."

Capucine jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ ló ń sùn sábẹ́ iná búlúù kí àìsàn náà má baà gun ọpọlọ rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ síwèé, ọmọ náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún lóògùn náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ara ń gba òògùn yìí. Bí kò bá jẹ́, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì.

Gbọ̀ngàn kún. Olórí ìlú mú àmì ẹ̀yẹ dání. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí aṣọ lórí àgò, eku funfun bí ìyẹ̀fun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màdáámù Lecointre, ìyá Capucine, tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í níwájú, yọ gègé.

"Ọjọ́ mélòó ló fi sàn, ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ojú mi ló ṣe, màdáámù. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é."

Bí ènìyàn bá fọwọ́ pa eku lára, eku á wẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ wọn lọ́jọ́ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkeje lá ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi nu ojú. Etí kan pọ́n.

"Ó ń pọ́n," Capucine wí.

"Iná gbọ̀ngàn ni."

Etí kejì pọ́n. Imú náà tẹ̀lé e.

"Ẹ gbé e sábẹ́ iná tèmi," Capucine wí. "Ó lè ràn án lọ́wọ́."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Solenn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ́ wọn, mélòó ló ti sàn?"

"Kò sí, màdáámù. Mẹ́rin wà lọ́nà."

"Tí wọ́n bá dé, ẹ pè mí."

Ó dá gègé padà sínú àpò. Olórí ìlú náà ti àmì ẹ̀yẹ bọ àpò tirẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré kó ọwọ́ sínú àgò kó lè gbé eku pamọ́. Eku gba apá rẹ̀ gòkè, ó jókòó sí èjìká kóòtù dúdú, ó fa ìrù rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá pọ́dà kúrò lára rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n sún mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀ títí ìrù fi mọ́ tán.