Ọmọ Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Nínú gbogbo ilé ìwòsàn náà, yàrá kọ̀ǹpútà ló tutù jù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kò sí ohun téèyàn lè bá a sọ tí kò ní í sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbẹ̀bí àgbà ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé tòun ti ìwé kan lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yín ń ṣe ìrànrán."

"Mo ti mọ̀, Ìyá."

"Kí lo mọ̀? Mi ò tíì ṣàlàyé."

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣàlàyé náà ni mo ti mọ̀."

Agbẹ̀bí bi í pé tó bá ti mọ̀, níbo ló wà látàárọ̀ tí wọ́n ti ń wá a. Ó ní ìyá òun ló dá òun dúró. Pé láti kékeré, kò sí ọjọ́ kan tí òun jáde nílé tí ìyá náà kò ní í di òun létí mú, tẹ etí náà síwájú, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó ní kóun máa lọ. Agbẹ̀bí wo etí ọ̀hún díẹ̀, ó gbójú kúrò, ó na ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Mo tẹ orúkọ ìyá tó bímọ lánàá, pé kí kọ̀ǹpútà fún mi ní ìwé ìbí ọmọ ẹ̀. Ohun tó tẹ̀ jáde nìyí. 'Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá, ìrọ̀rí mẹ́fà, ọ̀kan ya létí.' Èwo ni ọmọ nínú wọn?"

Mo-ti-mọ̀ gba ìwé náà, ó wò ó títí. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí. "Ìwé alágbàfọ̀ nìyí."

"Mo rí i pé ìwé alágbàfọ̀ ni. Alágbàfọ̀ fúnra ẹ̀ ń pariwo nísàlẹ̀ pé kọ̀ǹpútà sọ fóun pé kò sí aṣọ kan ṣoṣo nílé ìwòsàn yìí. Ó dúró láàárín òkìtì aṣọ tó ga jù ú lọ, ó ń bi mí bóyá ojú òun ló ń ṣe òun."

Ó ní ìyá mẹ́ta ti di ẹrù wọn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dúró de ìwé ìbí, ọkọ ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì pa ọkọ̀ láti aago mẹ́jọ. Mo-ti-mọ̀ ní kò sí wàhálà. Iná ló lọ lóru àná, ni gbogbo ẹ̀rọ kú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀. Ó fa àga fún agbẹ̀bí, nítorí ó fẹ́ràn kó máa rí ẹni ṣàlàyé fún.

"Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, kò kó nǹkan kan sínú. Àpótí dísìkì wà nílé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ojú wáyà ni gbogbo kọ̀ǹpútà ń gbà lò ó. Dísìkì mẹ́rin ló kan èyí. Ìkíní ni ti ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Ìkejì ni ìwé ìbí. Ìkẹta ni ti alágbàfọ̀. Ìkẹrin, tuntun ni, mo fi kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òfìfo ni."

"Kí ló dé tí mo lọ sí ìkejì tí mo bá ìrọ̀rí tó ya?"

"Ìkejì ti kún jù, ló fi ń da nǹkan pọ̀. Màá nu ìkẹrin mọ́ tónítóní, màá wá kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Kò ní í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ẹ̀dà ìwé ìbí ń kọ́? Ṣé ó wà níbòmíì?"

"Ìkẹrin yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀dà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ agbẹ̀bí nínú. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n ti ní kí wọ́n yéé kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ńlá. Látìgbà náà, ọmọ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni wọ́n ti gbà, inú dísìkì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì wà. Ìka kan ló fi tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Mo-ti-mọ̀ ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan hàn lójú ẹ̀rọ. Agbẹ̀bí fi awò rẹ̀ sójú, ó kà á jáde ketekete bí ẹni ń ka orúkọ láwùjọ ènìyàn.

"'Nǹkan wà nínú dísìkì yìí. Ṣé kí n nù ún?'"

"Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn, Ìyá. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni." Ó gbé ìka sókè láti tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Agbẹ̀bí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ tó ti gba ọmọ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọwọ́ téèyàn ń já gbà.

"O ní òfìfo ni."

"Òfìfo ni."

"Òun ní nǹkan wà níbẹ̀."

"Ìkẹrin ni mo rà wá, Ìyá. Ìkẹrin ni mo fẹ́ nù."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìkẹrin ni?"

"Ipò kẹrin ló wà."

"Ta ló fi í sípò kẹrin?"

"Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ti jí, ó máa ń pe gbogbo wọn lójú wáyà. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni ìkíní, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni ìkejì, èyí tó bá..."

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Fáànù àwọn ẹ̀rọ ń kùn.

"Láàárọ̀ yìí tó jí," agbẹ̀bí wí, "ṣé ó tún wọn pè?"

"Ó tún wọn pè."

"Ṣé bí wọ́n ṣe dáhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni wọ́n ṣe dáhùn lónìí?"

Mo-ti-mọ̀ kò sọ pé òun ti mọ̀. Agbẹ̀bí kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ohun kan fún un tí kò tíì sọ fún ọ̀gá kankan rí.

"Ọdún kẹta tí mo débí, òrùlé wọ́ọ̀dù ń jò. Wọ́n sún àwọn bẹ́ẹ̀dì kiri nítorí òjò, mi ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì la fi ń mọ ọmọ nígbà yẹn. Ọkọ ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì dé, mo gbé ọmọ bẹ́ẹ̀dì kejì fún un. Ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin ni, wọ́n ti sún un síbẹ̀. Wọ́n ti dé ẹnu géètì kí n tó mọ̀. Mo sáré, bàtà mi kan já sọ́nà, mi ò dúró mú un. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ṣì ń bà mí dòní. Látìgbà náà, okùn ni mo ń so mọ́ ọmọ lọ́wọ́, nọ́ńbà ẹ̀ wà lára okùn. Kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì gun òrùlé tó bá wù wọ́n. Ṣé àwọn dísìkì yín kò ní okùn ni?"

"Wọ́n ní," Mo-ti-mọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó gùn jù ni, ló fi jẹ́ pé ipò ni mo kọ fún kọ̀ǹpútà."

"Ó gùn jù."

"Nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n ni, Ìyá."

"Oṣù mẹ́sàn-án náà gùn."

Agbẹ̀bí fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo-ti-mọ̀ tẹ rárá fún kọ̀ǹpútà, ó wá wo nọ́ńbà àwọn dísìkì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nípò kejì, ti alágbàfọ̀ ni. Èyí tó wà nípò kẹta ni òfìfo, abájọ tí alágbàfọ̀ kò fi láṣọ. Èyí tó wà nípò kẹrin, tí ìka rẹ̀ ti fẹ́ bà lé, ọmọ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sùn. Òógùn bo Mo-ti-mọ̀ nínú òtútù yàrá yẹn. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ jókòó padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń fi nọ́ńbà dísìkì rọ́pò ipò. Agbẹ̀bí ń ka nọ́ńbà, Mo-ti-mọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti tẹ ọ̀kan tán, agbẹ̀bí á ní kó ka tirẹ̀ padà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jí i. Agbẹ̀bí tẹ orúkọ ìyá àná pẹ̀lú ìka rẹ̀ kan. Ọmọkùnrin, kílò mẹ́ta àbọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìrọ̀rí kankan lára rẹ̀. Inú agbẹ̀bí dùn débi pé ó fọwọ́ gbá kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni ń jẹ́ kí ọmọ gùnfẹ́.

Ó tẹ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó dìde. Mo-ti-mọ̀ tẹ̀ lé e dé ìdí ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin yẹn, ṣé ó padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀?"

"Èmi ni mo gbé e padà. Kò sí okùn, àmì ẹ̀yìn etí ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀, dúdú, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo fi han ìyá ẹ̀, mo ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọwọ́ Mo-ti-mọ̀ rọra lọ sẹ́yìn etí rẹ̀.

"Ó tó ọdún mélòó?"

"Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ìka Mo-ti-mọ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ẹ ti gbé ọmọ ẹ̀ fún ẹlòmíì, kí ló wí?"

Agbẹ̀bí ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta.

"Ó gba ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tẹ etí ẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."