Ohùn Baálẹ̀ Láti Inú Ọ̀fìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń lò ó ni. Ẹ fara balẹ̀.

Abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè. Àáró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀: lónìí, gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ bá ẹnì kan kọ ebè; lọ́la, ó kan ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Àwẹ̀ró ló ń kọrin fún wọn, opó kan tó máa ń dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Orin rẹ̀ ló ń mú kí ogún ọkọ́ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orin náà ló fi kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gé èbù iṣu. Ìdílé méjì tí kì í kí ara wọn, bí Àwẹ̀ró bá ti dá orin, wọn á jọ gbè é. Orin náà ló sì ń rántí oko tó kàn, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún kan, Baálẹ̀ wọn, Lágbókùn, gba àáró lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Oko Àwẹ̀ró tó yẹ kó kàn di igbó. Òjò sì ti ń ṣú. Bí òjò bá bá ilẹ̀ yẹn láìsí ebè, ebi ló máa pa á títí ọdún á fi yípo. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọrin ohun tó rí ni:

Oko Baálẹ̀ la ti ń bọ̀,
Oko Baálẹ̀ là ń lọ,
Bó bá rẹ̀ wá lójú ọ̀nà,
Ẹ jẹ́ á yà sóko Baálẹ̀.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Inú bí Baálẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọrin mọ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ gbé ohùn sókè, ewúrẹ́ kan ni yóò san!"

Ọdẹ́jìnmí ọdẹ bi í pé, "Baálẹ̀, bí ejò bá wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

"Rọra bẹ̀ ẹ́ kó padà."

Ẹ̀rù ba abúlé débi pé, kí wọ́n má baà ṣèèṣì gbé ohùn sókè, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Lóko, ọkọ́ ń gbá ọkọ́. Nígbà tí kò sórin tó máa sọ ẹni tó kàn, wọ́n lọ sóko ẹni tí wọ́n ti bá kọ ebè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tú gbogbo ebè náà, wọ́n tún un kọ. Ọlọ́ko dúró tì wọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ju ọwọ́. Wọ́n rò pé ó ń dúpẹ́.

Ìmàdò ti wá fi oko Àwẹ̀ró ṣe ilé. Ọdẹ́jìnmí gbẹ́ ọ̀fìn síbẹ̀, ó fi ewé bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí Baálẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko rẹ̀, tó ń bọ̀ tààrà sórí ewé náà. Ó la ẹnu, ó rántí ewúrẹ́ rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ó wá ń fò sókè, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Inú Baálẹ̀ dùn sí irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Òun náà juwọ́ sí i.

Gbì!

Ọdẹ́jìnmí sáré dé abúlé. Ó fi ọwọ́ ya ikùn ńlá, ikùn Baálẹ̀ nìyẹn. Ó nàka sílẹ̀, ó wá ṣubú lulẹ̀, ó ń japoró. Àwọn obìnrin wo ara wọn: ìyàwó rẹ̀ ń rọbí! Wọ́n gbé omi gbígbóná, wọ́n sáré lọ sílé rẹ̀, wọ́n bá ìyàwó níbi tó ti ń yan ẹ̀pà, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ẹní tipátipá, wọ́n fọwọ́ júwe fún Ọdẹ́jìnmí pé kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Baálẹ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti ké. Òun tó ṣòfin? Ó kàn ń húkọ́ ni. Àwọn èèyàn rò pé àparò ni.

Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, Àwẹ̀ró dá gbé ọkọ́ wá sóko rẹ̀, kó lè ṣe ìwọ̀nba tágbára rẹ̀ bá ká. Ó bá fìlà lórí ewé, ó yọjú wo inú ihò.

"Ha! Baba! Láti ìgbà wo?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni Baálẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti àárọ̀."

"Ẹ ò sì ké?"

"Ṣé Baálẹ̀ ń ké ni?"

Àwẹ̀ró jókòó sétí ihò. "Ó dáa. Ẹni tó bá dákẹ́, Baba, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Bá mi pè wọ́n, jọ̀ọ́."

"Mi ò ní ewúrẹ́. Ẹ̀yin lẹ lẹ́ran. Bí ẹ bá sì ké lásán, wọ́n á ní ìmàdò ni, wọ́n á sá. Orin oko tó kàn nìkan ni wọ́n máa dáhùn."

Ekòló kan já bọ́ sí Baálẹ̀ lọ́rùn. Ó la ẹnu. "Oko Baálẹ̀ la ti ń bọ̀…"

"Ìyẹn ti kọjá, Baba. Èyí tó kàn."

"Oko Àwẹ̀ró ló kàn o!"

Ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Ìdí-Ìyeyè ti gbọ́ orin gbẹ̀yìn. Ọkọ́ ni gbogbo wọn kì mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gbè é bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti kọ tó ogójì kí ẹnì kan tó bèèrè pé níbo ni olórin wà.

"Nínú ihò," ni Àwẹ̀ró sọ. "Ẹ gbè é."

Bí Baálẹ̀ bá dánu dúró kó mí, àwọn tó ń kọ ebè á ti gba apá ibòmíràn lọ, kò ní gbúròó ẹnikẹ́ni mọ́. Á tún yára gbé orin náà sókè. Bẹ́ẹ̀ ló kọrin títí wọ́n fi kọ ebè tó kẹ́yìn, kí Ọdẹ́jìnmí tó sọ okùn sí i.

Ó jáde, amọ̀ bò ó, òjò ń kán sí i lórí. Ọdẹ́jìnmí ní, "Baba, ẹ kú orin o! Ẹ ò tiẹ̀ sinmi?"

Baálẹ̀ wò ó. Ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ kò ju ti àkèré lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ títí dòní: "Ìwọ náà dá a wò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"