Itan Ẹlẹ́dẹ̀ Níwájú Àna

Ní erékùṣù tó wà lẹ́nu odò Bojana, níbi tí odò ti ń já sí òkun, wọ́n ta okùn kan láti ara igi kan dé ara igi kejì. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn okùn lè wọ ohun tó wù ú. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i ni yóò wà. Krsto, ọ̀gá ibùdó rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sábẹ́ agboòrùn lórí táwẹ̀lì rẹ̀. Fìlà iṣẹ́ àti awò ojú nìkan ló wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn okùn, Vidak, ọmọ orí òkè, dúró nínú kóòtù dúdú àti táì, ó gbé odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Òógùn ti bò ó.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Ta ni bàbá rẹ?"

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni Vidak. Ọ̀rọ̀ Jagoda, ọmọ yín, ló gbé mi wá. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́. Ó ti pè mí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ aṣọ kì í bá mi sọ̀rọ̀ níbí. Òfin ni."

"Ta ló ṣòfin ọ̀hún, sà?"

"Èmi."

Vidak bojú wẹ̀yìn. Ní òdìkejì odò, nínú ilé ẹlẹ́ja tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi, bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ méjì jókòó ti ìgò ọtí kan, gbogbo wọn wọ dúdú, gbogbo wọn kọjú síbí.

"Sà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Àwọn bàbá mi nìyẹn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ò ní bá ẹni tí ò wọ ṣòkòtò ṣe àna láéláé. Tí ẹ bá ti wọ ṣòkòtò, kí n fi aṣọ ìnujú mi juwọ́ sí wọn, wọ́n á sọdá. Bí ìgò yẹn bá gbẹ kí n tó juwọ́, wọ́n á gbé mọ́tò padà sórí òkè, ọ̀rọ̀ èmi àti Jagoda parí nìyẹn."

"Ìgò mélòó ni?"

"Ọ̀kan ṣoṣo."

"Báwo ni bàbá rẹ ṣe ń mutí?"

"Kíákíá ni, sà."

Krsto bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Vidak, mo kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè torí ẹni tí ò lè bọ́ ṣòkòtò torí mi wọ ṣòkòtò."

"Yéè! Sà, n ò bọ́ra níta rí o. Inú ilé gan-an, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń bọ́ra."

"Ìgò ń gbẹ."

Vidak gbé ẹran sílẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó fi há okùn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi há okùn.

"Ṣé mo lè fi táì sílẹ̀?"

"Aṣọ ni táì."

"Fìlà yín ńkọ́?"

"Fìlà kì í ṣe aṣọ. Ipò ni."

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́, sà? Ìbọ̀sẹ̀ lásán?"

"Ọmọ yìí, ọkùnrin tó bọ́ gbogbo aṣọ tó wá ku ìbọ̀sẹ̀, ojú ń ti àwa gan-an láti wò ó."

Ìbọ̀sẹ̀ bọ́. Ṣòkòtò tẹ̀ lé e, àti èyí tó wà lábẹ́ ṣòkòtò. Vidak gba abẹ́ okùn kọjá, ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gírígírí.

"O káre," Krsto wí. "Ẹ̀bùn mi nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá mi ló fi èéfín mú un gbẹ."

"Gbé e wá."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e dání."

"Jókòó nígbà náà."

"Lórí kí ni?"

"Lórí táwẹ̀lì rẹ. A kì í fi ìdí lásán jókòó níbí. Ọmọlúàbí ni wá."

"N ò mú táwẹ̀lì wá, sà. Ta ló fẹ́ mú táwẹ̀lì lọ tọrọ ìyàwó?"

"Dúró nígbà náà."

Krsto ṣí fìlà. Ó mú ọ̀bẹ jáde nínú rẹ̀. Vidak fẹ́ béèrè ohun mìíràn tó wà nínú fìlà náà, ó rò ó, ó fi í sílẹ̀. Krsto gé ẹran pẹlẹbẹ kan lára itan náà níbi tó wà lọ́wọ́ Vidak, ó jẹ ẹ́, ó mi orí.

"Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n."

"Ẹ ṣé, sà. Ní ti ṣòkòtò..."

"Àgbà kì í fi ebi sọ̀rọ̀." Ó gé ìkejì. Ó gé ìkẹta.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gé e láti òkè."

"Òkè ti kan egungun."

"Egungun náà dùn o, sà!"

Ìyá arúgbó kan ń kọjá pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, òun náà wà bí wọ́n ṣe bí i. Krsto ṣí fìlà kí i. Vidak tẹjú mọ́ òfuurufú. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní "hùn," ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ta nìyẹn, sà?"

"Olùkọ́ tó kọ́ Jagoda ní ìṣirò. Ó ti fún ẹ ní máàkì."

"Mélòó?"

"Kò sọ fún mi."

Ẹ̀fọn odò Bojana kì í ṣe ẹ̀fọn kékeré. Ọ̀kan bà lé Vidak nídìí, ó sì fara balẹ̀.

"Ẹ̀fọn wà lára rẹ," Krsto wí.

"Mo mọ̀ ọ́n lára, sà."

"Pa á."

"Ọwọ́ mi ò ṣí sílẹ̀."

"Gbé ẹran sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa mu ún, sà. Ẹ̀jẹ̀ ò wọ́n mi."

Krsto gé òmíràn. Itan náà ti ń tín-ín-rín. Vidak ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ibi tí ẹran kù sí ló ń wá. Ní òdìkejì odò, àbúrò bàbá rẹ̀ kan gbé ìgò sókè sí oòrùn, ó ń wo bó ṣe kù sí.

"Sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìgò yẹn ti dé ìdí."

"Ẹran náà ti dé ìdí. Kí lo rí lára ọmọ mi?"

Ìbéèrè náà bá Vidak lójijì. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ èyí tó kọ́ sórí wá láti ilé, pé ó ní ìwà, pé ó lẹ́wà. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Yìnyín bo ilé mi lọ́dún tó kọjá, sà. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí. Mo ti jókòó, mo ti ń gbàdúrà ìkẹyìn. Òun ló mú ṣọ́bìrì, tó gbẹ́ ọ̀nà wá bá mi. Ó ń gbẹ́, ó ń bú mi. Ọ̀lẹ, agọ̀, ẹni tí ò mọ̀ pé òjò yìnyín ń bọ̀. Bí èébú yẹn ṣe ń sún mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn. N ò fẹ́ kí ilé mi dákẹ́ mọ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Krsto.

"Ìyá rẹ̀ nìyẹn," ó wí. "Òun ló máa ń lọ ṣòkòtò mi. Á máa lọ̀ ọ́, á máa bú mi. Ọkọ̀ ojú irin ò gbọdọ̀ bá mi níbùdó kí ojú ṣòkòtò mi má gún. Látìgbà tó ti kú, mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ wọ ṣòkòtò fún mọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Vidak. Ìyẹn ni òtítọ́ ọ̀rọ̀."

Ojú Vidak pọ́n. Ó gbé ẹran sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bàbá náà mú.

"Ẹ wọ̀ ọ́ fún Jagoda, sà. Òun náà á máa bú yín. Kì í gbàgbé ẹnì kankan."

Krsto wò ó.

"O ti gbé ẹran sílẹ̀."

Vidak wo ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni.

"Ó ti tán náà ni, sà."

Krsto fa báàgì jáde lẹ́yìn agboòrùn. Ó yọ ṣòkòtò dúdú kan tí ojú rẹ̀ gún bí abẹ, àti kóòtù rélùwéè tó ní bọ́tìnnì idẹ. Ó ń wọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

"Sà, wọ́n ti lọ̀ ọ́!"

"Láti àná."

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Èmi ni. Mo ń bú ara mi bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́."

"Ẹ ti mọ̀ láti àná pé ẹ máa wọ ṣòkòtò?"

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń lọ sílé ọkọ, kí n wá wà níhòòhò? Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Kí wá ni mo bọ́ra fún, sà?"

"Mo fẹ́ rí ohun tó o lè gbà torí rẹ̀. Ẹran náà sì wù mí."

Vidak mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ti gbà nìyẹn?"

"Ṣòkòtò ni mo wọ̀, n ò tíì sọ pé mo gbà. Ojú àgbà la ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, tí mo pè wọ́n ní àlejò, kí ìwọ náà bá wọn wọkọ̀ padà. Bí mo bá pè wọ́n ní àna, o ti mọ̀. Lọ juwọ́, ìgò ń gbẹ."

Vidak ò dúró gbọ́ tán. Ó sáré dé ibi okùn, ó fa aṣọ ìnujú yọ nínú àpò kóòtù, ó ń fi juwọ́, ó ń fò sókè, ó ń pariwo, "Ẹ máa bọ̀! Ó ti wọ ṣòkòtò! Ó ti wọ̀ ọ́!" Ní òdìkejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò wo Krsto rárá. Ọkọ̀ ojú omi ti gbéra kí atẹ́gùn odò tó rán Vidak létí bí òun ṣe wà.

Ó ki ṣòkòtò mọ́lẹ̀ lórí okùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣubú dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn gbalaja. Bẹ́ẹ̀ ni imú ọkọ̀ gúnlẹ̀ níwájú orí rẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta tó wọ dúdú dìde dúró nínú ọkọ̀, wọ́n wo egungun itan tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ọmọ wọn. Vidak di ojú mọ́ inú iyanrìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí.

Krsto de bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó gba abẹ́ okùn, ó dá Vidak kọjá wẹ́rẹ́, ó na ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àna mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ṣòkòtò."