Èdè Ọ̀gá Afimúsọ̀rọ̀

Ẹ bá mi kí alábòójútó ilé wa, Ọ̀gá Afimúsọ̀rọ̀, Arọ̀jò-Gẹ̀ẹ́sì-má-dá. Táì rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bó bá fi èdè ìyá rẹ̀ kí ènìyàn káàárọ̀, àárẹ̀ ń ṣe é nìyẹn.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa, ṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ni kí ó máa tún ohun tó bá bà jẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti rí Gẹ̀ẹ́sì kan tó fúyẹ́ ju iṣẹ́ lọ.

Ìyá aránṣọ gbé ẹjọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè wá: bó bá ti padé, àfi kí ẹnìkan dúró níta gbá a kó tó ṣí.

"Madam," ọ̀gá fọhùn, "it has not been looked into."

"Ta ni kò wò ó, sà?"

"It has not been attended to."

"Mo gbọ́, sà. Ta ni kò ṣe é?"

"It has not been dealt with!" Ọ̀gá tún táì ṣe. Ẹjọ́ parí.

Ẹ ò rí Gẹ̀ẹ́sì aládùn! Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹ̀bi wà nílẹ̀, ẹlẹ́bi nìkan ló di àwátì. Àwa ayálégbé bá dá ọgbọ́n tiwa: a gbé bíríkì sẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn má baà padé tán, ẹni tó bá wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sì máa kọrin kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé bá a. Orin kan ṣoṣo ni onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ mọ̀. Gbogbo wa la ti há a sórí.

Ìgbà tó yá, Màmá onílé ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá yẹ ilé wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀gá ni yóò máa bójú tó gbogbo ilé rẹ̀ yòókù. Ọ̀gá ra táì tuntun. Ó ń rìn ká òkè, imú lókè, ló bá rí bíríkì.

"This cannot be put up with!"

Ló bá ta bíríkì nípàá, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ síwájú dígí inú rẹ̀ láti fi Gẹ̀ẹ́sì ìkíni kọ́ra. Ilẹ̀kùn padé: gbàmù!

Ìgbà tí Màmá fi gòkè dé, ilẹ̀kùn ló ń kígbe pàdé rẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Alábòójútó yín ni, Màmá." Ìyá aránṣọ kúnlẹ̀ kí i tán, ó yíjú sí ilẹ̀kùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. It has not been looked into."

"It has not been attended to o!" onígbàjámọ̀ gbè é.

Gbogbo wa pa ohùn pọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé: "It has not been dealt with!"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Màmá fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. "Ta ni kò tún un ṣe?"

"Màmá, it was not... it has not been..."

"Mi ò bi ọ́ nìyẹn. Ta ni?"

Ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan ni ọ̀gá ń mì jìgìjìgì.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìsàlẹ̀ ná."

"Èmi ni!" Yorùbá já gaara, kò gba imú kọjá rárá. "Èmi ni wọ́n sọ fún, èmi ni mi ò ṣe é! Màmá, ẹ má lọ o!"

Onígbàjámọ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá jáde, ó ti fi táì tuntun nu òógùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ọ̀rọ̀ àwọn ilé yòókù yẹn ńkọ́?"

Màmá wò ó, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bá mi fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yẹn dá a lóhùn."

A sì dá a lóhùn.