Pítísà Tí Gbọ́lá Sè fún Ìyá Theresa

Bí ìyá ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ bá ní òun ń bọ̀ wá wò bóyá o mọ oúnjẹ sè, kí ni ọmọ ènìyàn máa sè? Iṣu. Ìrẹsì. Bó bá le tán, ẹ̀wà.

Gbọ́lá ní pítísà ni òun máa sè.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Èmi Jonah ni mò ń sọ̀rọ̀. Ògiri kan ló la ilé èmi àti Gbọ́lá láàárín ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ níbí, kò sì sí ohun tó jóná lọ́dọ̀ rẹ̀ rí tí imú mi kò kọ́kọ́ gbọ́. Akọ̀wé ni Gbọ́lá ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó mọ fáìlì í tò, ó mọ táì í so. Oúnjẹ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa ni gàrí, èyí tó jẹ́ pé omi tútù la fi ń sè é.

Ọmọ Ìdóàní ni Theresa, tíṣà ni. Ìyá rẹ̀, Màmá Monica, ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé ọkùnrin tí kò bá lè dáná kò ní fẹ́ ọmọ òun. Ẹ má dá ìyá náà lẹ́bi. Nígbà tó bí Theresa, bàbá Theresa ni wọ́n ní kó se omi gbígbóná fún un. Bàbá gbé omi kaná, omi jóná. Ìkòkò pàápàá jóná. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti pinnu.

"Gbọ́lá, se iṣu," ni mo wí.

"Jonah, ojú rẹ kò tíì là," ó dá mi lóhùn. "Pítísà Ìtálì gan-an ni. Mo ti wò ó lórí fóònù. Ìlú Nápù ló ti ṣẹ̀ wá. Oúnjẹ àwọn tálákà ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ayaba wọn. Tòmátò pupa, wàràkàṣì funfun, ewé tútù lórí rẹ̀. Bí àsíá wọn ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé àsíá ni ìyá ń bọ̀ wá jẹ ni?"

Ọ̀mọ̀wé kì í dá irú wa lóhùn.

Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ó tún gbé fóònù, ó pe ìyá.

"Màmá, ẹ kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí. Ó máa fà. Bí ẹ bá ti gé e jẹ, á máa fà láti inú abọ́ dé ẹnu yín ni."

Ohùn ìyá rọ̀ lójijì. "Ó máa fà? Oúnjẹ tó bá ń fà ni mo fẹ́ràn jù láyé."

"Á fà, mà. Bí kò bá fà, ẹ má fún mi lọ́mọ."

Mo gbé orí lé ọwọ́ níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ta ló bi í?

Ó wá wàràkàṣì Ìtálì káàkiri Ọ̀wọ̀, kò rí i. Ló bá fà mí lọ sọ́dọ̀ Hamidat, tó ń ta wàrà ní ìkángun àdúgbò wa. Hamidat bi í pé ṣé kí òun bá a dín in.

"Rárá. Mo fẹ́ kó yọ́ ni."

Hamidat wò ó, ó wò mí. "Bùọ̀dá, wàrà kì í yọ́ o."

"Ti Ìtálì ń yọ́."

"Èyí kì í ṣe ti Ìtálì. Màlúù tó bí i wà lẹ́yìn ilé wa lọ́hùn-ún."

"Wàrà ni wàrà," ni Gbọ́lá wí, ó sì gbé wàrà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Lábísí, ti gún iyán láti ilé tirẹ̀, ó gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ àpọ̀n tó kún ìkòkò. Ó mọ àbúrò rẹ̀. Ojú ti Gbọ́lá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọbẹ̀ yẹn pamọ́. Àlejò mi ò gbọdọ̀ rí i."

Àǹtí gbé tọbẹ̀ tiyán sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó jókòó tì í.

Ọ̀gá wa po ìyẹ̀fun, ó fi ìwúkàrà sí i, ó wú. Ó ní bí àwọn ará Nápù ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n máa ń jù ú sókè kó lè fẹ̀. Ó jù ú, ó hán an. Ó tún jù ú.

Ìgbà yẹn gan-an ni iná dé.

Fáànù òkè àjà gbéra. Wùùù! Pàà! Apá kan ìyẹ̀fun lọ lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, apá kan bo ojú aago, apá kan bá mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó tún un pò, kò dúró kó wú mọ́. Ó tẹ́ ẹ sínú abọ́, ó da tòmátò lé e, ó to wàrà sórí rẹ̀, ó já ẹfínrín lé gbogbo rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè ààrò ìgbàlódé. Ìkòkò mi tó tóbi jù ló gbà, ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé abọ́ lé iyanrìn, ó dé e. Àwa pẹ̀lú ẹ̀ ń dúró kí wàrà yọ́.

Wàrà kò yọ́.

Ó fi iná kún un. Wàrà jókòó. Ó tún fi kún un. Ìsàlẹ̀ ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, èéfín ń jáde, wàrà ṣì wà lókè níbẹ̀, ó dá ara rẹ̀ sí. Gbọ́lá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ó ta padà.

"Yọ́ o," ni Gbọ́lá ń wí. "Jọ̀ọ́, yọ́."

Ọkùnrin tó ní táì lọ́rùn ló ń bẹ wàrà yẹn o. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè fi hàn.

Kó! kó! kó! Màmá Monica ti dé láti Ìdóàní, Theresa ló tẹ̀ lé e. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, Àǹtí Lábísí kúnlẹ̀. Ìyá jókòó, ó fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́.

"Ẹ gbé èyí tó ń fà yẹn wá."

Gbọ́lá sá wọ kíṣìnì, èmi àti Àǹtí tẹ̀ lé e. Òógùn bò ó. "Jonah, mo kú. Theresa ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Àǹtí Lábísí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ṣí ìkòkò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bu àpọ̀n, ṣọ̀ọ̀! Ó dà á bo pítísà láti etí dé etí. Wàrà rì. Ẹfínrín léfòó.

"Gbé e lọ," ni Àǹtí wí. "Kò sí bí kò ṣe ní fà."

Gbọ́lá gbé e síwájú ìyá. Ìyá bu ú, ó gbé e sókè, ó fà. Ó gbé e dé ẹnu, ó ṣì ń fà. Ìyá dìde dúró, ó ń fà lọ ni. Wọ́n wo ara wọn, òun àti Theresa, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè Ìdóàní. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú àwa ará Ọ̀wọ̀.

"Níbo lo ní èyí ti ṣẹ̀ wá?" ni ìyá bi í.

"Ìlú kan ni, mà, Nápù, ní Ìtálì..."

"Irọ́ ni. Ìdóàní ni."

Gbọ́lá wo Theresa. Theresa wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ọ̀mọ̀wé wa wí. "Láti Ìdóàní ni wọ́n ti gbé e lọ."

"Àmọ́ wọn ò mọ̀ ọ́n jẹ lọ́hùn-ún," ni ìyá wí, ó fa ìyẹ̀fun tó jóná yọ lábẹ́ rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ló ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́? Ṣé ẹ kò ní iyán nínú ilé yìí ni?"

Ẹ ò bá rí bí iyán ṣe yára jáde.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Bí ìyá bá ti ń bọ̀ ní Ọ̀wọ̀, á ránṣẹ́ ṣáájú pé kí Gbọ́lá se pítísà de òun, kí iyán má sì kéré. Gbọ́lá á sì sáré lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Lábísí lọ kọ́ àpọ̀n sísè. Ó ti wá mọ̀ ọ́n sè ju obìnrin lọ.

Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, àbúrò Theresa ra pítísà gidi wá láti Àkúrẹ́, nínú páálí. Ó ti tutù kó tó dé. Ìyá gé e jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fà á, kò fà.

Ó rọra dá a padà sínú páálí.

"Ẹni tó se èyí," ni ìyá wí, "kò tíì rí ìyàwó fẹ́, àbí?"