Ọlábọ̀wálé Fi Kọ̀ǹpútà To Àgbà

Bí Ọlábọ̀wálé bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, Èkó gbọ́dọ̀ wà nínú méjì. Oṣù díẹ̀ péré ló fi kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó padà sílé ní Beyerunka lọ́dún 1999, ẹ ó rò pé òun ló bí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí lẹ́nu!

Morádéyọ̀, ọmọ Àlàájì Àkíbù tó ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ló fẹ́ fi ṣaya. Àlàájì ni olórí ẹbí wọn, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́ kọ́ ló débẹ̀. Òun àti Sàídì bíríkìlà, ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wọn, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń du ta ni ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni: Àkíbù ni ẹ̀gbọ́n. Sàídì ní òun gbà, àmọ́ ojú rẹ̀ ò gbà.

Ọlábọ̀wálé rí àyè wọlé.

"Bàbá, mo máa gbé ẹbí yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ẹ̀gbọ́n pátápátá dé àbúrò pátápátá. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà gan-an máa mọ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún!"

Inú Àlàájì dùn púpọ̀. "Tó bá ti jáde bó ṣe yẹ, kí àwọn èèyàn ẹ máa múra ìdána."

Morádéyọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o ti dán an wò?"

"Dán kí ni wò? Ṣé wọ́n ń dán oòrùn wò kó tó yọ ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹbí rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Bẹẹrẹ. Ọlábọ̀wálé so táì nínú ooru yẹn, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé nínú ẹ̀rọ náà, èèyàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Àwọn òpó ló dúró: orúkọ wà nínú òpó tó ṣáájú, iṣẹ́ wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Kó ṣáà ti pe nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà òpó, ohun tó bá wà níbi tí wọ́n ti pàdé á jáde.

"Olórí ẹbí! Ìlà oókan, òpó oókan!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó jáde gàdàgbà: *Olórí ẹbí wa ni Bíríkìlà.*

Àlàájì dijú, ó lajú. Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Orí Ọlábọ̀wálé padà wálé. Olùkọ́ rẹ̀ l'Ékòó ti kìlọ̀ fún un pé kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ láti oókan, òdo ló ti ń kà, ìlà ni o, òpó ni o. Ó yára sọ òpó di òdo. Ṣùgbọ́n ìlà ńkọ́? Ìlà bàbá ìyàwó! Ọmọ wo tí wọ́n kọ́ nílé ló máa fi bàbá ìyàwó rẹ̀ sí òdo? Ó fi ìlà sílẹ̀ ní oókan, ó sì tún un tẹ̀.

*Olórí ẹbí wa ni Sàídì.*

Ha! Sàídì fò dìde, díẹ̀ ló kù kó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ ò mọ ojúsàájú! Àkíbù, ó yá, kí mi!"

"Èmi dà?" ni Àlàájì ń bi àna rẹ̀ ọ̀la.

Òógùn bo Ọlábọ̀wálé. Ó wá Àlàájì ní ìlà eéjì, ó wá a ní ẹẹ́ta, ó kọjá àbíkẹ́yìn ẹbí pátápátá, ni ẹ̀rọ bá sọ òyìnbó sí i lójú.

"Kí ló wí?" Àlàájì bi í.

"Ó... ó ní kò sí yín mọ́, sà."

Ìyàwó Àlàájì bú sẹ́kún. "Ọkọ mi ò ní kú o!"

Kò sí ibi tí ọmọkùnrin yìí ò tíì wá àfi ibì kan. Ó di ojú, ó tẹ òdo sí ìlà. Orúkọ Àlàájì yọ! Ayọ̀ kó sí i lórí, ó gbàgbé ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ara yín! Mi ò tètè wá ibẹ̀ ni! Òdo ni yín!"

Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú fìlà.

"Èmi ni òdo," Àlàájì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Òdo ló ṣáájú, sà! Òun ló ga jù! Mo fi Èkó búra!"

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà!"

"Kò burú. Mo ti ṣèlérí, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n gbé ẹrù ìdána wá ní ọjọ́ òdo oṣù tó ń bọ̀."

Ọlábọ̀wálé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ti dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há, kó tó gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.